Owó Ìrànwọ́ Tí A Fún Ludwig Guttmann

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè ìdí tí yunifásítì fi ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ eré ìdárayá akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ìgbésí ayé Ludwig Guttmann ló yẹ kí a tọ́ka sí.

Ọdún 1899 ni a bí i sí Tost, lábẹ́ Jámánì ìgbà náà. Ó di ògbóǹtarìgì dókítà ọpọlọ ní Breslau, ṣùgbọ́n Júù ni. Nígbà tí Hitler gorí àléfà ní 1933, a kà á léèwọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti àwọn Júù. Ní 1939, òun àti ìdílé rẹ̀ sá dé Oxford. Ẹgbẹ́ tí ń ran àwọn onímọ̀ tí a lé nílùú lọ́wọ́ ló bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀, tí ó sì fún un ní £250.

Ní 1944, a fi í ṣe olórí ilé ìtọ́jú àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa ní Stoke Mandeville. Lójú ọ̀pọ̀ dókítà, ẹni tí ikú ti mú ni wọ́n. Egbò ìdùbúlẹ̀ àti àrùn ìtọ̀ ló sábà ń pa wọ́n. (Ẹni tó bá ti rí àgbẹ̀ tó jábọ́ lórí igi igbá ní Tẹ̀dé yóò mọ ohun tí à ń wí.) Guttmann kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí a máa yí wọn nípò padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán-tòru, ó sì sọ eré ìdárayá di ara ìtọ́jú. Ní ọjọ́ tí Òlíḿpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1948, àwọn ọmọ ogun àtijọ́ 16, tọkùnrin tobìnrin, jókòó sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń tafà. Eré yẹn ló dàgbà di Paralympics.

Guttmann kú ní 1980. Ní Barcelona ní 1992, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa, Adéoyè Àjíbọ́lá gba góòlù 100 mítà àti ti 200 mítà.