James Joule: ọmọ apọntí tó ka ooru iná mànàmáná nínú omi

Ẹ̀yin èèyàn mi n'Ílúpéjú, láti Town Planning Way dé Coker Road, kò sẹ́ni tí ò mọ yúnìtì. Tó bá ti tán lórí mítà, òkùnkùn dé nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé orúkọ èèyàn kan wà nínú ẹ̀: joule 3,600,000 ló ń jẹ́ yúnìtì kan. James Prescott Joule lẹni náà. Mo fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀ lónìí, torí pé ohun tó rí lọ́dún 1840 ló ń jó wáyà nílé wa títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1818 ni wọ́n bí i ní Salford, lẹ́bàá Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́ tó ń pọn ọtí bíà. Ara ọmọ náà ò le, eegun ẹ̀yìn ń dà á láàmú, ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ níwèé. Nígbà tó yá, John Dalton, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, di olùkọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Joule ò lọ yunifásítì rí. Iṣẹ́ ọtí bàbá ẹ̀ ló ń bá wọn ṣe. Tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, á wọ yàrá tó ti ń dán nǹkan wò.

Kò tíì pé ọmọ ọdún 22 tó fi wé wáyà mọ́ gíláàsì, tó kì í bọnú omi tó ti wọ̀n, tó wá jẹ́ kí iná bátìrì gba inú wáyà náà kọjá. Ó ń wo tẹmọ́mítà. Ó rí i pé bí iná tó ń kọjá bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru á dà. Bí iná bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru á di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Ẹ wò ó dáadáa, boiling ring nìyẹn. Wáyà tó wà nínú irin yẹn ló ń gbóná, omi ń gba ooru lára ẹ̀. Iná fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọnú omi. Ká fi se omi ìwẹ̀ lítà 20 títí tó fi lọ́wọ́ọ́rọ́, kò tó ìdajì yúnìtì. Ìlọ́po yẹn ni ewu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ki nǹkan mẹ́ta tó ń jẹ iye iná kan náà mọ́ extension kan ṣoṣo, ooru inú wáyà ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Mo ti rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́ bí àbẹ́là rí. Àwọn kan tún máa ń so irin méjì mọ́ ẹnu wáyà, kí iná lè gba inú omi gan-an kọjá. Omi á gbóná lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́, ikú ló tọwọ́ bọ̀.

Wọn ò tètè ka Joule sí. Lọ́dún 1843, ó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn onímọ̀ ní Cork, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó wá fi ìwúwo tó ń já bọ́ yí àjẹ̀ nínú omi, omi sì gbóná. Ní Oxford, lọ́dún 1847, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Thomson tẹ́tí sí i, àwọn méjèèjì sì di alábàáṣiṣẹ́. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ Amelia Grimes, àmọ́ ìyàwó ẹ̀ kú lọ́dún 1854. Royal Society gbà á wọlé lọ́dún 1850, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley lọ́dún 1870. Lọ́dún 1878, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní £200 lọ́dọọdún.

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá, ọdún 1889 ló kú ní Sale. Nọ́ńbà 772.55 ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ibojì ẹ̀, iye tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wá: bí agbára iṣẹ́ ṣe ń di ooru.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ki irin yẹn bọ omi kẹ́ ẹ tó tan súwíìṣì. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lára iná pátápátá, kọ́wọ́ tó kan omi.