Ahmad Muhammad Cachalia: Oníṣòwò Tó Búra, Tó sì Mú Ìbúra Rẹ̀ Ṣẹ

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ lónìí kì í ṣe àlùfáà ńlá, kì í sì í ṣe ọba. Oníṣòwò ni, mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó tẹ̀dó sí Transvaal ní Gúúsù Áfíríkà. Ahmad Muhammad Cachalia ni orúkọ rẹ̀.

Láti 1885 ni òfin ti wà ní Transvaal tó ya àwọn ará Éṣíà sọ́tọ̀. Òfin náà dárúkọ àwọn Lárúbáwá àti àwọn mùsùlùmí abẹ́ ìjọba Tọ́kì pàápàá. Wọn kò lè di ọmọ ìlú, wọn kò sì lè ra ilẹ̀ síbi tó wù wọ́n. Ní 1906, ìjọba tún gbé òmíràn dé. Gbogbo ará Éṣíà, títí dé orí ọmọ ọdún 8, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ka bí ọ̀daràn, kí wọ́n sì máa mú ìwé náà kiri. Ẹni tó bá kọ̀, owó ìtanràn, ẹ̀wọ̀n tàbí lílé kúrò nílùú ló ń dúró dè é.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1906, àwọn èèyàn bíi 3,000 péjọ sí gbọ̀ngàn Empire ní Johannesburg. Mùsùlùmí ni Abdul Gani tó ṣe alága ìpàdé náà. Mùsùlùmí náà ni Haji Habib, tó ní kí wọ́n fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí pé àwọn kò ní tẹ̀lé òfin yìí. Gbogbo wọn dìde, wọ́n búra. Àtìgbà náà ni Gandhi, tó jẹ́ agbẹjọ́rò wọn, ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré.

Síbẹ̀, òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1907. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún náà, wọ́n tún pé jọ sí àgbàlá mọ́sálásí Pretoria. Òyìnbó kan, William Hosken, jíṣẹ́ Ọ̀gágun Botha fún wọn pé ìjọba kò ní yí ohùn padà, kí wọ́n gba kámú. Nígbà náà ni Cachalia dìde. Títí di ọjọ́ yẹn, kò sí lára àwọn tó ń léwájú. Ó fi orúkọ Ọlọ́hun búra pé bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n yẹgi fún òun, òun kò ní tẹrí ba fún òfin náà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó nǹkan. Ohun tó tẹ̀lé e ni ká wò. Nínú nǹkan bí 13,000 ará Íńdíà tó wà ní Transvaal, bíi 500 péré ló lọ forúkọ sílẹ̀. Ní 1908, Cachalia di alága ẹgbẹ́ wọn. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n. Àwọn oníṣòwò òyìnbó tó ń gbé ọjà àwìn fún un wá mú un lọ́rùn ní 1909 pé kó san gbèsè lójú ẹsẹ̀, àyàfi tó bá fi ìjàkadì náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Wọ́n bá gba ọjà rẹ̀, wọ́n tà á. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, ṣílè 20 pé lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó jẹ. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòwò rẹ̀ ti dàrú. Ó tún mú ọmọ rẹ̀ lọ sí oko Tolstoy, níbi tí ìdílé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbé.

Ní 1914, ìjọba ṣe òfin tó tú àwọn kan lára ìdè wọn: wọ́n fagi lé owó orí £3, wọ́n sì gba ìgbéyàwó tí ará Íńdíà ṣe nílànà ẹ̀sìn rẹ̀. Gbogbo ìyà kọ́ ló tán. Cachalia kú ní 1918. Ní 1952, àwọn ọmọ rẹ̀, Ismail tó jẹ́ àlùfáà àti Yusuf, wà lára àwọn aṣíwájú tó bá Mandela ṣe ìpolongo títàpá sí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò ṣòro. Sísọ̀rọ̀ níbi ìpàdé dára, ọjọ́ tí òtítọ́ bá fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ ẹni ni a ń mọ ẹni tó búra dénú. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa. Kí Ọlọ́hun kẹ́ Ahmad Cachalia, kó sì fún wa ní irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀. Āmīn.