Awólọ́wọ̀ àti Ìbéèrè Àwọn Olùdìbò

Bí àkókò ìdìbò bá dé, ìbáà ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ìbáà sì ṣe ní Gwagwalada ní agbègbè Abuja, ìlérí ni àwọn olóṣèlú ń kó wá, ìbéèrè sì ni àwọn olùdìbò fi ń pàdé wọn. Ọ̀pọ̀ aṣáájú ẹgbẹ́ ni ó mọ ìlérí í ṣe; ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ ìbéèrè í dáhùn. Olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ náà. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, láti ọdún 1952 títí di ọdún 1983, ìbéèrè kan ni àwọn olùdìbò fi ń tẹ̀ lé e kiri: níbo ni owó tí yóò fi ṣe gbogbo ohun tí ó ń ṣèlérí yóò ti wá? Ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè náà ni ó bi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣubú nígbà kan. Òun kan náà ni ó sì gbé orúkọ rẹ̀ ga títí di òní.

Ìkẹ́nnẹ́ ni a ti bí i ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, ọdún 1909. Dáfídì Ṣópolú ni orúkọ bàbá rẹ̀, Màríà Ẹfúnyẹlá sì ni ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ àti agégẹdú ni bàbá náà. Onígbàgbọ́ ni, ó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1920, nígbà tí ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, bàbá kú. Láti ìgbà náà ni owó ilé-ìwé ti di ẹrù tí ọmọdé ń dá gbé. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ṣe iṣẹ́ agbára oríṣiríṣi, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní Abẹ́òkúta, kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti Wesley ní Ìbàdàn ní ọdún 1927. Nígbà tí ó dàgbà, kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún un bí ọmọ tí orí rẹ̀ pé ṣe lè di aláìmọ̀wé nítorí pé bàbá rẹ̀ kò sí mọ́.

Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn fún ìwé ìròyìn Daily Times, ó ra kòkó, ó sì fi ọkọ̀ ṣòwò. Òwò náà gbè é nígbà kan, ó sì já a kulẹ̀ nígbà mìíràn títí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún 1937, ó gbé Hannah Ìdòwú Dìdéolú níyàwó, obìnrin tí ó dúró tì í gbágbáágbá nígbà tí nǹkan kò rọgbọ. Láti inú ilé ni ó ti kàwé gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ní ọdún náà gan-an ni ó rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di lọ́yà ní ọdún 1946. Nítorí náà, kí ó tó di aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú, ó ti mọ ìwé ìṣirò, ó sì ti rí ojú gbèsè.

Ní ọdún 1945 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1949, ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1950, àwọn ènìyàn tí kò tó mẹ́wàá pàdé ní ilé rẹ̀ ní Òkè-Bọ́là, wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ Action Group lélẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú wá ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ nítorí igi ọ̀pẹ tí ó jẹ́ àmì rẹ̀. Ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti gbé e jáde ní gbangba ní ọdún 1951. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún náà, ẹgbẹ́ yìí ni ó gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 1952 Awólọ́wọ̀ di mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ àti olórí iṣẹ́ ìjọba, ó sì di Pírémíà àkọ́kọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1954.

Ní oṣù keje ọdún 1952 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, S. O. Awókọ́yà, gbé àbá kan síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pé, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1955, gbogbo ọmọ tí ó bá tó ilé-ìwé lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn yóò lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Inú àwọn ènìyàn dùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tẹ̀ lé ayọ̀ náà. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa bá wọn ṣa kòkó bí gbogbo ọmọ bá lọ jókòó sí ilé-ìwé. Àwọn mìíràn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wọ̀n ni bàbá tí kò bá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ yóò lọ. Èyí tí ó wúwo jù ni ti owó: ta ni yóò kọ́ ilé-ìwé wọ̀nyí, ta ni yóò sì sanwó àwọn olùkọ́?

Kò ṣòro fún aṣáájú ẹgbẹ́ láti dáhùn pé ìjọba ni yóò san án, kí ó sì fò kọjá. Awólọ́wọ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò sí owó kankan tí ìjọba ní ju èyí tí ó ti ọwọ́ ará ìlú wá, àti pé bí wọ́n bá fẹ́ ilé-ìwé àti ìtọ́jú àìsàn fún àwọn ọmọ wọn, wọn yóò dáwó sí i. Ìjọba rẹ̀ gbé owó orí kan kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, tí ó lé díẹ̀ ní ṣílè mẹ́wàá lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tí ó ń san owó orí. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé a ti ń gba owó náà kí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹgbẹ́ NCNC, tí àkùkọ jẹ́ àmì rẹ̀, kò jẹ́ kí àǹfààní náà bọ́. Ní Ìbàdàn, Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ni ó ṣíwájú wọn. Kì í ṣe pé àwọn Alákùkọ kórìíra ẹ̀kọ́. Adélabú fúnra rẹ̀ kàwé ní Government College, Ìbàdàn. Ìbéèrè wọn ni pé èéṣe tí tálákà yóò fi máa san owó iṣu tí a kò tíì gbìn. Ìbéèrè gidi ni, ó sì wọ àwọn ènìyàn létí, nítorí ẹni tí ebi ń pa kò lè fi ìlérí ọdún tí ń bọ̀ jẹun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Nígbà tí a dìbò sí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ ní ìparí ọdún 1954, NCNC mú àga 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group sì mú 18. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìgbà náà, ẹgbẹ́ tí ó bá borí ní agbègbè kan ni yóò yan mínísítà àpapọ̀ mẹ́ta láti ibẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé lábẹ́ ojú Pírémíà Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn alátakò rẹ̀ ni ó lọ ṣe mínísítà ní Èkó lórúkọ Ìwọ̀-Oòrùn, Adélabú sì wà lára wọn.

Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ tí ó pàdánù báyìí lè pa ètò náà tì, kí ó sì fi ẹ̀bi rẹ̀ lé àwọn olùdìbò lórí. Ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ohun kan ni wọ́n yí padà: nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe tipátipá, nítorí náà kò sí bàbá tí a fi òfin mú. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 1955, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣí. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lé díẹ̀ ní 456,000; ní ọdún 1955, wọ́n lé ní 811,000. Iye náà kò lè tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ọmọ àwọn tí ó dìbò fún Àkùkọ wà nínú wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, nígbà tí a tún dìbò sí Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, Ọlọ́pẹ mú àga 48, Àkùkọ mú 32. Ìbàdàn kò kúrò lẹ́yìn Adélabú síbẹ̀. Òun ni ó di olórí àwọn alátakò nínú Ilé náà títí ìjàm̀bá ọkọ̀ fi mú ẹ̀mí rẹ̀ lọ ní oṣù kẹta ọdún 1958.

Kì í ṣe pé ètò náà kò ní àléébù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí a kó sí kíláàsì ni kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rí, kíláàsì kún àkúnya, àwọn òbí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìmọ̀ àwọn ọmọ ń fà sẹ́yìn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìgbìmọ̀ Banjo kalẹ̀ ní ọdún 1960 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kan mọ́ tí ó lè dúró níwájú olùdìbò Ìwọ̀-Oòrùn kí ó sọ pé òun yóò dá owó ilé-ìwé padà.

Ní ọdún 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírémíà sílẹ̀ láti wá ìdìbò gbogbo Nàìjíríà. Ó gba Òkè Ọya lọ pẹ̀lú hẹlikọ́pítà, ohun tí ojú ọ̀pọ̀ olùdìbò kò rí rí. Àwọn kan gbádùn ìran náà. Àwọn mìíràn kà á sí ìgbéraga. Ọkọ̀ náà lè gbé e dé ìlú púpọ̀ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní àkókò láti jókòó pẹ́ pẹ̀lú àwọn tí ó fẹ́ bi í léèrè ohun tí ọmọ Yorùbá ń wá ní ilẹ̀ wọn. Láàárín àwọn ẹ̀yà kéékèèké, pàápàá àwọn Tiv tí Joseph Tarka ṣíwájú, ìlérí rẹ̀ pé òun yóò dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún wọn wọlé. Àga 25 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ àti àwọn alájọṣe rẹ̀ rí ní Òkè Ọya, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 73 nínú 312. Ó di olórí àwọn alátakò ní Èkó.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò dùn ún gbọ́. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ní ọdún 1962. A fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án. Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1963 nígbà tí ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni a sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ni ó wà títí ìjọba Gowon fi dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1966. Ní ọdún 1967 ó di kọmíṣánnà ètò ìṣúná àpapọ̀, òun ni ó sì ń bójú tó owó Nàìjíríà ní gbogbo àkókò ogun abẹ́lé. Ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1971.

Bí ìjọba ológun ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òṣèlú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978 ni ó kéde Unity Party of Nigeria ní ọjọ́ kejì. Ohun mẹ́rin ni ó fi síwájú: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìtọ́jú àìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ẹni tí ó lè ṣiṣẹ́. Ìbéèrè àtijọ́ tún dìde, nísinsìnyí láti gbogbo ìpínlẹ̀ 19. Ìṣirò ni ó tún fi dáhùn, ó ń ka iye owó ìjọba àti iye tí ètò kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Nínú ìdìbò ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1979, ó ní ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù 4.9, Shehu Shagari ní mílíọ̀nù 5.7. Ìṣirò náà ni ó gbé e dé kóòtù, níbi tí ó ti jiyàn pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 kò lè dín ní 13. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ márùn-ún tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ipò gómìnà, ìyẹn Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ilé-ìwé girama.

Ìbéèrè kan wà tí ìṣirò kò tó láti dáhùn. Ní ìpínlẹ̀ Anambra àti Imo, ìbò rẹ̀ ní ọdún 1979 kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn Ìgbò kò gbàgbé ebi ìgbà ogun, wọn kò sì gbàgbé ogún pọ́n-ùn tí a fún ẹni tí ó ní owó ní báńkì, iyekíye tí ìbáà ní níbẹ̀. Nígbà ìpolongo ọdún 1983, a gbé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ka iwájú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò sá fún wọn. Ó ṣàlàyé pé oúnjẹ tí à ń fi ránṣẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú, pé àwọn ọmọ ogun ni ó ń gbà á lọ́nà, nítorí èyí ni òun fi ní kí a dá a dúró. Ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó báńkì pẹ̀lú. Àwọn kan gba àlàyé náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọmọ wọn ti kú kò gbà á, wọn kò sì gbà á títí di òní. Olùdìbò ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, ó sì ní ẹ̀tọ́ pẹ̀lú láti má ṣe gba ìdáhùn tí ó gbọ́.

Ó tún pàdánù ní ọdún 1983. Àwọn ológun sì gba ìjọba ní ìparí ọdún náà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, ọdún 1987, ó dágbére fún ayé ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ẹni ọdún 78. Kò di olórí Nàìjíríà rí.

Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn kọjá ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan tàbí ẹ̀yà kan. Àwọn tí ó bi í léèrè owó ní ọdún 1954, tí wọ́n sì fi ìbò jẹ ẹ́ níyà, kò ṣe búburú. Ìbéèrè wọn ni ó fipá mú ìjọba láti fi ilé-ìwé gidi hàn wọ́n láàárín oṣù díẹ̀. Òun náà kò ṣe búburú tí ó sọ iye tí nǹkan yóò ná wọn kí wọ́n tó dìbò. Ní Gwagwalada lónìí, níbi tí kò ti sí gómìnà, tí ó sì jẹ́ pé alága ìgbìmọ̀ agbègbè ni olórí tí ìbò ará ìlú yàn tí ó sún mọ́ wọn jù, ìbéèrè náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ṣèlérí omi, ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn, kí a bi í níye tí yóò ná, kí a sì bi í níbi tí owó náà yóò ti wá. Bí ó bá dáhùn, kí a wọn ìdáhùn náà wò. Bí kò bá lè dáhùn, ìyẹn náà ti tó ìdáhùn.