Imam Ghazali àti Àwọn Ọlọ́ṣà

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìwé nìkan ni mo gbójú lé. Bí n kò bá rí i, ẹ̀kọ́ parí. Ìtàn Imam Ghazali ló là mí lójú.

Ìlú Tus ní ilẹ̀ Páṣíà ni a bí i sí ní 1058. Wọ́n ròyìn pé bí ó ti ń ti ẹ̀kọ́ bọ̀ láti Jurjan, àwọn ọlọ́ṣà kó ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ oró ọlọ́ṣà! Ó bẹ̀ wọ́n títí. Olórí wọn fi í rẹ́rìn-ín pé irú ìmọ̀ wo ni olè lè kó. Wọ́n dá ìwé padà; ọdún mẹ́ta ni ó fi há a sórí.

Ní 1091 ó di olùkọ́ ní Nizamiyya ní Baghdad. Ní 1095 ó yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò, ó rí i pé nítorí òkìkí ni òun ṣe ń kọ́ni, ó sì fi ipò náà sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀bá ilé rẹ̀ ní Tus ni ó ti ń kọ́ni, títí ó fi kú ní 1111.