Aréògún Ará Ọ̀sì: Ẹ̀bùn ni tàbí Iṣẹ́?

Ẹ ó rántí pé ní kíláàsì wa, bí ọmọ kan bá mọ àwòrán yà, ohun tá a máa ń sọ ni pé abínibí ni, kò ṣe wàhálà kankan. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn èèyàn ń sọ nípa Aréògún, agbẹ́gilére ìlú Ọ̀sì, aládùúgbò àwa ará Obbo-Ilé. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀ dáadáa.

Nǹkan bí 1880 ni wọ́n bí i, Dàda lorúkọ rẹ̀. Owó tó rí nídìí irin Ògún ló sọ ọ́ di Aréògún. Àmọ́ owó ọ̀hún kò dédé wá. Ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé, ọ̀gá agbẹ́gilére ní Ọ̀sì, ló ti kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìpele mẹ́rin niṣẹ́ náà ní: ọnà lílé, alétúnlé, dídán àti fínfín. Ọnà lílé, tí a fi ń gé ère jáde lára ìtì igi, ló le jù, ọwọ́ ọ̀gá ló sì máa ń wà. Ọmọọṣẹ́ á dán igi títí kó tó kàn án. Nígbà tó kan Aréògún, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, òpó, agere Ifá àti ère Ẹpa. Ẹlẹ́ṣin wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ náà ò gbẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ ti ọmọ rẹ̀, Bándélé. Bó ti jẹ́ ọmọ ọ̀gá tó, ọmọọṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Láti 1947, Bándélé ń gbẹ́gi lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll l'Ọ́yẹ̀-Èkìtì. Ibẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ bá a. Ìdílé agbẹ́gilére n'Ílàá Ọ̀ràngún ni Lamidi ti wá, ó sì ti ń gbẹ́gi tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó tún fi ọdún mẹ́ta ṣe ọmọọṣẹ́ Bándélé. Òun ló padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó sì gbẹ́ ère Odùduwà síbẹ̀.

Aréògún kú ní 1954. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe tìtorí pé ọmọ lẹ́bùn kẹ́ ẹ sọ pé kó sinmi. Òun gan-an ló yẹ kó dán igi pẹ́ jù.