Ìtàn Ìgbésí Ayé Christian Doppler

Ìwọ olùṣèdánwò, dúró sí etí títì Adó-Èkìtì sí Ìkẹ́rẹ́, kí o gbọ́ ọkọ̀ tí ń fọn fèrè bọ̀. Ohùn fèrè náà ga bí ó ti ń bọ̀. Bí ó bá kọjá rẹ tán, ohùn a wálẹ̀. Doppler ni ó kọ́kọ́ la ìdí rẹ̀ yé aráyé.

Ìlú Salzburg ní ilẹ̀ Austria ni a bí i sí ní ọdún 1803. Agbẹ́kùúta ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò gbé iṣẹ́ òòlù. Ni wọ́n bá fi í sí ìwé. Ní ọdún 1842, nígbà tí ó ń ṣe olùkọ́ ní Prague, ó kéde pé ìgbì ohun tí ń bọ̀ a máa dé lemọ́lemọ́, ti ohun tí ń lọ a sì máa falẹ̀.

Òye yìí ni rédà ń lò lójú òkun lónìí. Ìgbì rédíò tí ó bá ta padà lára àpáta a padà bí ó ti lọ. Èyí tí ó ta lára ọkọ̀ tí ń bọ̀ a padà lemọ́lemọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ni í ṣa ìyàtọ̀ náà jáde. Ọkọ̀ kékeré tí ń rọra yọ́ lọ ni ó ṣòro jù, nítorí omi òkun fúnra rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́.

Ní ọdún 1852, Petzval, onímọ̀ ìṣirò ní Vienna, ta ko Doppler kíkankíkan níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fi àwọn afọnfèrè inú ọkọ̀ ojú irin dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ní Netherlands ní ọdún 1845, tí ó sì já sí òótọ́. Àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára nígbà náà. Ó kú ní Venice ní oṣù kẹta ọdún 1853, ní ẹni ọdún 49, láìgbọ́ orúkọ rédà rí.