Ọba Eweka Kejì àti Ìléru Àdúgbò Igun

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa ni ó ti gba àdúgbò Igun kọjá nínú ìlú Bìní yìí. A rí orí idẹ, àkùkọ idẹ àti ẹkùn idẹ tí wọ́n tò síwájú ìsọ̀, a ná ọjà díẹ̀, owó wa kò ká a, a sì bá ọ̀nà tiwa lọ. A kì í sábà béèrè ẹni tí ó jẹ́ kí ìléru ibẹ̀ ṣì máa jó. Bẹ́ẹ̀, ó kù díẹ̀ nígbà kan kí iná náà kú pátápátá. Ọba ni ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, oníṣẹ́ ọwọ́ sì ni pẹ̀lú.

Aiguobasimwin ni orúkọ rẹ̀ kí ó tó gorí oyè. Òun ni àrẹ̀mọ Ọba Ovonramwen, ó sì ti di géńdé kí ayé tó dojú rú. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní láti gbẹ̀san àwọn òyìnbó tí wọ́n pa lójú ọ̀nà ní oṣù Kìíní. Iná jó ààfin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin ni wọ́n kó lọ sí òkè òkun, tí wọ́n sì tà káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n mú Ovonramwen lọ sí Kàlábà, kò sì fojú kan Bìní mọ́ títí ó fi kú níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1914. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún, kò sí ọba lórí ìtẹ́.

Kí a tó lè mọ ohun tí èyí ṣe fún Igun, a ní láti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọba nìkan ni àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Wọn kì í pàtẹ. Bí ọba tuntun bá jẹ, ọ̀kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kí ó gbé ojúbọ kalẹ̀ fún baba rẹ̀, Igun ni yóò sì rọ orí idẹ tí yóò wà níbẹ̀. Nígbà tí kò sí ọba, ta ni yóò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Ọ̀pọ̀ wọn gba oko lọ.

Amọ̀ ni alágbẹ̀dẹ Igun fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò mọ ọ́n bí orí, yóò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò wá fi ìda oyin bò ó. Ara ìda yìí ni yóò ti ya ojú, imú, etí àti ọ̀wọ́ iyùn ọrùn. Yóò tún fi amọ̀ kíkúnná bo ìda náà, yóò sì dá ihò sí i. Bí ó bá gbé e sínú iná, ìda á yọ́, á ṣàn jáde, àlàfo á ṣẹ́kù sáàárín amọ̀ méjèèjì. Inú àlàfo yìí ni yóò da idẹ yíyọ́ sí. Bí ó bá tutù tán, yóò fọ́ amọ̀ òde. Amọ̀ tí a bá ti fọ́ kò ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyí tí orí idẹ méjì kì í fi í bára mu délẹ̀.

Ti ilé iṣẹ́ ńlá yàtọ̀. Níbẹ̀, òpó irin méjì ni ó ń yí lódìkejì ara wọn, wọn á sì ki irin tí ó pọ́n bí ẹyin iná bọ àárín wọn. Bí ẹ̀rọ àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń tẹ ìyẹ̀fun pípò ni ó ń tẹ irin náà, tí yóò máa fẹ́lẹ́, tí yóò sì máa gùn sí i nígbàkúùgbà tí ó bá kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe páànù orí ilé wa. Iṣẹ́ yìí náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo sílẹ̀ fún ní àwọn ọdún 1980, kí ó lè máa sọ irin tí ó ń bọ̀ láti Aladja, lẹ́bàá Wárì, di ọ̀pá tí a fi ń kọ́lé. Ọ̀kan kì í yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí Aiguobasimwin ń dúró de ìtẹ́ baba rẹ̀, ọjà ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń rọ́ wọlé láti etí òkun: páànù, bàsíà, korobá. Igun tí kò ní ọba mọ́ kò lè bá wọn du ọjà bàsíà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1914, wọ́n fi Aiguobasimwin jọba. Eweka ni ó pe ara rẹ̀, orúkọ ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé wọn, ọmọ Ọ̀rànmíyàn. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a yà síbí díẹ̀. Ìtàn Bìní sọ pé odi ni ọmọ náà, àfi ìgbà tí ó jagun mọ́ni lọ́wọ́ nínú eré kan tí ohùn rẹ̀ là, tí ó sì kígbe ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, owomika, tí ẹnu àwọn ará Bìní sọ di Eweka. Láti Ifẹ̀ kan náà ni Jacob Egharevba, òpìtàn Bìní, sọ pé iṣẹ́ idẹ ti wá: Ọba Oguola ni ó ránṣẹ́ sí Ọ̀ọ̀ni, tí Ọ̀ọ̀ni sì fi alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Iguegha ta á lọ́rẹ. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn sí i, a kò sì fẹ́ bá wọn jà, ṣùgbọ́n àwọn ará Igun ń bọ Iguegha gẹ́gẹ́ bí baba ńlá iṣẹ́ wọn.

Ìtẹ́ tí Eweka Kejì gùn kò dẹ̀. Agho Obaseki, tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù ní Bìní ní gbogbo ọdún tí kò sí ọba, ni ó di Ìyásẹ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ìjọba òyìnbó, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò sì wọ̀ títí Obaseki fi kú ní ọdún 1920. Agbára láti dájọ́ ikú tàbí láti kógun jáde ti bọ́ lọ́wọ́ ọba. Ohun tí ó kù fún un láti tún ṣe ni ilé àti iṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ sì ni ó dojú kọ. Ó tún ààfin kọ́, bí ó tilẹ̀ kéré sí ti àtijọ́. Ó tún ojúbọ àwọn baba rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ó kó àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ jọ padà, Igun fún idẹ, Igbesanmwan fún eyín erin àti igi. Òun fúnra rẹ̀ mọ igi àti eyín erin gbẹ́, ó sì mọ iṣẹ́ idẹ. Ẹ wo ọba tí ń gbẹ́ igi! Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ń bu ọlá ẹni kù, kí ó ronú sí i.

Èyí tí ó tóbi jù lójú tiwa ni pé ó já okùn tí ó so Igun mọ́ ààfin nìkan. Ó gbà kí wọ́n máa rọ idẹ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lọ́wọ́, ìbáà ṣe ìjòyè, oníṣòwò tàbí òyìnbó arìnrìn-àjò. Ní àwọn ọdún 1920, ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nínú ààfin, níbi tí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lè kọ́ igi gbígbẹ́. Ṣùgbọ́n idẹ rírọ ṣì jẹ́ ogún àwọn ọmọ Igun, láti baba dé ọmọ.

Àwọn kan tí ojú wọn mọ iṣẹ́ ọnà a máa sọ pé iṣẹ́ ọjà kò kúnná tó iṣẹ́ ọba, pé orí kékeré tí àwọn àlejò ń rà ti ba ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ jẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. A ti rí àwọn kan tí ojú wọn dà bí ẹni tí oorun ń kùn. Àmọ́ bí Eweka bá ti ní kí wọ́n dúró de iṣẹ́ ọba nìkan, orí idẹ mélòó ni ààfin tí a tún kọ́ yìí ìbá máa bẹ̀ lọ́dún kan, tí ìdílé mélòó yóò sì fi jẹun? Ọjà ni ó gba ọmọ lọ́wọ́ oko padà síbi ìléru. Ọmọ tí ó bá sì mọ bí a ṣe ń rọ orí kékeré kò ní ṣàìmọ bí a ṣe ń rọ ńlá lọ́jọ́ tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́.

Ohun kan máa ń yà wá lẹ́nu nípa idẹ yìí. Láti ìgbà àwọn Potogí ni Bìní ti ń yọ́ ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n fi ń ṣòwò. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ wò nínú àwọn ọkọ̀ tí ó rì sókun rí i pé láti agbègbè odò Rhine ní Jámánì ni idẹ wọn ti wá, ó sì bá ti iṣẹ́ Bìní mu. Idẹ Jámánì di orí ọba ní Igun, ogun kó o, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì padà bára rẹ̀ ní Jámánì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ìjọba wọn kó iṣẹ́ méjìlélógún wá fún Nàìjíríà.

Eweka kò rí ìyẹn. Ó wàjà ní ọdún 1933, ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ ní ọdún kan náà, ó sì jẹ́ Ọba Akenzua Kejì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, Akenzua gbé ojúbọ kalẹ̀ fún baba rẹ̀ nínú ààfin. Kò ní láti wá alágbẹ̀dẹ lọ sí oko. Wọ́n wà ní Igun, ẹwìrì wọn ń fẹ́ná.